Bí A Ṣe Lè Tún Fíìmù Amí Tí Wọ́n Fojú Kéré Nígbà Èwe Wa Wò: Licence to Kill Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Àwọn fíìmù kan wà tí a wò ní èwe, tí a sì fẹ́ràn dọ́kàn, ṣùgbọ́n tí àwọn lámèyítọ́ ìgbà náà ti dájọ́ wọn kí àwa tó gbọ́n tó láti gbèjà wọn. Licence to Kill, fíìmù James Bond tí ó jáde ní ọdún 1989, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Wọ́n ní ó le jù, wọ́n ní kò pani lẹ́rìn-ín, wọ́n ní Timothy Dalton tí ó ṣe Bond nínú rẹ̀ ń fajú ro láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wò ó nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 13 tàbí 15 ti di àgbà, wọ́n sì ń sọ pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Èmi náà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n pé a fẹ́ràn fíìmù kan kò tó láti fi tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ó ní bí a ṣe ń ṣe é kí ọ̀rọ̀ wa tó lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi ojú tí ó mọ́ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, kí ó sì dá ẹjọ́ tí ó lè dúró níwájú ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó wò ó

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ rárá, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rántí nípa fíìmù náà sílẹ̀: ta ni ọ̀tá, kí ni ó fa ìjà, ibo ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀, ìran wo ni ó dẹ́rù bà yín, ìran wo ni ẹ máa ń ṣe àfarawé rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ yín. Ẹ má ṣe wo orí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ran ìrántí lọ́wọ́. Ìdí ni pé ohun tí ó bá ìrántí èwe lára mu nìkan ni ó máa ń dì mú, tí yóò sì sọ ìyókù nù. Ẹni tí ó wo Licence to Kill ní kékeré lè máa rántí ọkùnrin tí orí rẹ̀ bẹ́, ẹja àkùrákudà inú omi, àti àwọn tírélà agbépo tí ó ń jó lórí òkè, kí ó má sì rántí rárá pé ìgbéyàwó ni ìtàn náà fi bẹ̀rẹ̀, tàbí pé ìjọba tirẹ̀ gan-an ni ó gba àṣẹ ìpànìyàn lọ́wọ́ Bond. Àlàfo tí ó bá wà láàárín ohun tí ẹ kọ àti ohun tí ẹ ó rí ni ibi tí iṣẹ́ yín yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èyí tí ó jẹ́ ti fíìmù àti èyí tí ó jẹ́ ti ọmọdé tí ẹ jẹ́ nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹ̀dà tí ó pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè yí ìdájọ́ padà pátápátá. Wọ́n ya fíìmù yìí ní àwòrán gbígbòòrò tí ìbú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ, ìyẹn 2.39 sí 1. Ojú tẹlifíṣàn ayé ìgbà náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. 4 sí 3 ni, nítorí náà ẹni tí ó bá ń gbé fíìmù sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò máa ń gé apá ọ̀tún àti apá òsì àwòrán dànù kí ìyókù lè kún ojú tẹlifíṣàn. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì ni ó fi mọ fíìmù yìí kò tíì rí fíìmù náà tán. Nínú ìran ìlépa tí ó kẹ́yìn, tírélà kan máa ń wà ní etí kan àwòrán, ọ̀gbun a sì wà ní etí kejì. Bí wọ́n bá ti gé ọ̀gbun náà kúrò, ewu ti lọ, ó ku ọkọ̀ kan tí ó ń sáré lójú títì.

Ìgékúrò mìíràn tún wà tí ó yàtọ̀ sí ti ojú àwòrán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni fíìmù Bond àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ fíìmù wò fi sí ìpele 15, tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 15 kò gbọdọ̀ wọ ilé sinimá láti wò ó; kí wọ́n sì tó rí ìpele yẹn pàápàá gbà, ó di dandan kí wọ́n dín díẹ̀ kù lára àwọn ìran tí ó le jù. Àwọn àwo tí ó jáde ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ti dá ohun tí wọ́n gé padà. Nítorí náà, ẹ ka ara páálí àwo tàbí àlàyé ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ wò, kí ẹ rí i pé àwòrán gbígbòòrò ni àti pé wọn kò dín in kù. Àkókò rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 133.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ ìgbà tí ó jáde

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ tí a ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá ni ti àwọn tí ó ka owó tí fíìmù náà pa ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n rí i pé ó kéré, tí wọ́n sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ mọ irú ọjà tí wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1989 ni ó dé àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Indiana Jones and the Last Crusade ti gba ojú ọjà láti oṣù Karùn-ún, Ghostbusters II àti Batman jáde nínú oṣù Kẹfà, Lethal Weapon 2 sì fi ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú rẹ̀. Àárín àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti sọ fíìmù kan tí ó ṣókùnkùn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀fẹ̀, sí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 dọ́là ni ó pa ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ayé lápapọ̀, ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 156 dọ́là, bẹ́ẹ̀ sì ni iye tí wọ́n ná lé e lórí kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 lọ. Ẹni tí ó bá pè é ní fíìmù tí ó jẹ gbèsè kò tíì ka owó náà dáadáa.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ jẹ́ Licence Revoked kí wọ́n tó yí i padà nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Richard Maibaum, tí ó ti ń kọ ìtàn Bond láti ìgbà fíìmù àkọ́kọ́ ní ọdún 1962, bá Michael G. Wilson fi egungun ìtàn náà lélẹ̀, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988 kò jẹ́ kí ó lè bá a dé òpin. Wilson ni ó kọ ìyókù. Nítorí ọ̀wọ́n owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí Churubusco, ilé ìṣefíìmù ńlá kan ní Mexico City. Bí ẹ bá mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ ó lè fi ìyàtọ̀ sí àléébù tí ó wá láti ọwọ́ àìní àti èyí tí ó wá láti ọwọ́ àìbìkítà.

Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn Licence to Kill, kò sí fíìmù Bond kankan títí di ọdún 1995 tí GoldenEye jáde pẹ̀lú Pierce Brosnan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fíìmù ọdún 1989 ni ó ba ọjà jẹ́ tí wọ́n fi lé Dalton lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ lórí MGM/UA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ń pín àwọn fíìmù Bond, àti lórí ẹ̀tọ́ láti ta àwọn fíìmù Bond fún tẹlifíṣàn, ni ó dá gbogbo nǹkan dúró, Dalton fúnra rẹ̀ ni ó sì kéde ní ọdún 1994 pé òun kò ní ṣe é mọ́. Nígbàkígbà tí ẹ bá ń ṣe irú ìwádìí yìí lórí fíìmù èyíkéyìí, ẹ máa ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fíìmù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítorí fíìmù. Bákan náà, ẹ wá àwọn àríwísí ìgbà náà kà fúnra yín, nítorí ìròyìn pé gbogbo ènìyàn ni ó kọ fíìmù kan sílẹ̀ sábà máa ń ju òtítọ́ lọ. Roger Ebert, lámèyítọ́ Chicago tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé, yin Licence to Kill nígbà tí ó jáde.

Wíwò àkọ́kọ́ àti wíwò kejì

Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Ẹ má ṣe kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹ má ṣe dá a padà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ó ṣe ohun tí ó bá fẹ́ ṣe sí yín. Wíwò kejì, tí ó dára kí ó jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ni ti ìwádìí, ìbéèrè kan sì ni kí ẹ gbé dání wọlé: kí ni fíìmù yìí dáwọ́ lé láti ṣe? Ìbéèrè yìí ni àwọn tí ó bẹnu àtẹ́ lù ú kò béèrè. Roger Moore ti fi fíìmù méje, láti 1973 dé 1985, kọ́ àwọn ènìyàn pé Bond jẹ́ ẹni tí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú ewu. Dalton, tí a bí ní Wales, tí ó sì ti ṣe eré Shakespeare lórí ìtàgé, padà sí inú àwọn ìwé Ian Fleming, òǹkọ̀wé tí ó dá Bond sílẹ̀, ó sì rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí iṣẹ́ ìpànìyàn ti sú, tí ó sì ń ṣe é síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Dalton kò rẹ́rìn-ín bí Moore ń bi í léèrè ohun tí kò gbà láti gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí fíìmù náà ti súnmọ́ Fleming tó, ẹ wo ibi tí wọ́n ti mú àwọn ohun inú rẹ̀. Ìran tí wọ́n ti ju Felix Leiter, ọ̀rẹ́ Bond, sí ẹja àkùrákudà, inú ìwé Live and Let Die tí Fleming tẹ̀ jáde ní ọdún 1954 ni ó ti wá. Fíìmù tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní ọdún 1973 kò lò ó. Milton Krest, onímọ́tò ojú omi tí ó máa ń mutí, wá láti inú ìtàn kúkúrú kan tí ó jáde ní ọdún 1960. Àwọn tí ó ní fíìmù náà ti pa Bond tì láti lọ ṣe àfarawé eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣàn gbàgbé láti wo ìwé.

Nísinsìnyí, ẹ yan ìran kékeré kan tí kò sí ìbọn nínú rẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í. Èmi máa ń yan ìparí ìgbéyàwó Felix àti Della ní Key West. Àlejò ti ń lọ, inú àwọn méjèèjì ń dùn. Della bọ́ okùn aláràbarà tí ìyàwó máa ń so mọ́ itan, ó sì fi ṣeré sí Bond, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tí ó bá gbà á ni ìgbéyàwó kàn. Ẹ wo ojú Dalton. Ẹ̀rín tí ó wà níbẹ̀ kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ dúró bí ẹni pé ó fẹ́ ṣe àpọ́nlé fún ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣá díẹ̀díẹ̀, ó sì dágbére, ó lọ. Nígbà tí Della béèrè bóyá òun ti ṣẹ̀ ẹ́, Felix dá a lóhùn pé Bond ti gbéyàwó rí, pé ó ti pẹ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí orin arò kankan tí ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa lórí. Ẹni tí ó bá ti wo On Her Majesty's Secret Service ti ọdún 1969 mọ̀ pé wọ́n yìnbọn pa ìyàwó Bond ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an. Nítorí náà, nígbà tí Bond padà dé ilé yẹn tí ó bá òkú Della nínú aṣọ ìgbéyàwó, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ojú rẹ̀ ń rí irú rẹ̀. Gbogbo ìbínú tí ó kù nínú fíìmù náà, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, eré ìjà ni mo ń dúró dè, ìran yìí a sì kọjá lára mi bí afẹ́fẹ́. Lójú mi báyìí, kò sí ibi tí Dalton ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù Bond méjèèjì tí ó ṣe.

Láti ibẹ̀, ẹ yí ojú sí ọ̀tá. Franz Sanchez, tí Robert Davi ṣe, jẹ́ olówò oògùn olóró tí ó ti ra orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n pè ní Isthmus, ààrẹ rẹ̀ àti gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí Sanchez fi yàtọ̀ sí àwọn ọ̀tá Bond tí ó ṣáájú ni pé kò fẹ́ gba ayé. Ohun kan ṣoṣo ni ó kà sí ju owó lọ, òun náà ni kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn òun jẹ́ olóòótọ́ sí òun. Ó ń san ẹ̀san rere fún olóòótọ́, ó sì ń fi ikú ìkà pa ọ̀dàlẹ̀. Bond rí i pé ibi tí ọkùnrin náà gbójú lé yìí gan-an ni a ti lè wó o, ó sì sọ ara rẹ̀ di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi sùúrù tẹ̀lé okùn tí mo fẹ́ fà yìí, nítorí òun ni mo fi ń gba ẹjọ́ fíìmù náà rò ju ohunkóhun lọ. Ní ìdajì àkọ́kọ́, Bond sá kúrò lábẹ́ omi lọ́wọ́ àwọn ènìyàn Krest, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Sanchez: ó yin ọ̀kọ̀ olókùn mọ́ ara ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí ó ń sáré lójú omi láti gbéra, ọkọ̀ náà wọ́ ọ, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán yọ̀ lórí omi tẹ̀lé e, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ju àwọn tí ó ń wà á sódò, ó sì gbé e lọ pẹ̀lú owó Sanchez tí ó kún inú rẹ̀. Eré eléwu ni, irú èyí tí fíìmù Bond gbogbo máa ń ní, tí a ó pàtẹ́wọ́ fún tí a ó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n fíìmù yìí kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Krest wá ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó tẹ̀lé ọkọ̀ òfuurufú lójú omi tí ó sì fò lọ bí ẹyẹ, òtítọ́ ni ó ń sọ, Sanchez kò sì gbà á gbọ́, nítorí ta ni yóò gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́? Lẹ́yìn náà ni Bond yọ́ lọ kó lára owó náà sínú yàrá onírin kan nínú ọkọ̀ ojú omi Krest, irú èyí tí wọ́n ń tì àwọn òmùwẹ̀ mọ́ kí ara wọn lè bá afẹ́fẹ́ òkè mu. Sanchez rí owó rẹ̀ níbẹ̀, ó ti Krest mọ́ inú yàrá náà, ó sì fi afẹ́fẹ́ fún un títí, kí ó tó fi àáké gé okùn afẹ́fẹ́ náà lójijì. Ìran tí gbogbo wa rántí nìyẹn. Ohun tí a kò rántí ni pé ẹni tí ó kú níbẹ̀ sọ òtítọ́, pé àìṣeé-gbàgbọ́ eré eléwu Bond gan-an ni ó pa á. Mi ò mọ fíìmù Bond mìíràn ní ayé ìgbà yẹn tí ó fi eré eléwu ṣe egungun ẹ̀yìn ìtàn lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Okùn mìíràn tí ó tọ́ kí ẹ tẹ̀lé ni láítà fàdákà tí Felix àti Della fi ta Bond lọ́rẹ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí lára. Ẹ máa ṣọ́ ọ láti ibẹ̀ títí dé ìparí.

Àwọn tírélà orí òkè

La Rumorosa, ojú ọ̀nà orí òkè kan nítòsí Mexicali ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Mexico, ni wọ́n ti ya ìlépa àwọn tírélà agbépo tí ó parí fíìmù náà. Sanchez ti yọ́ kokéènì sínú epo bẹntiróòlù, ó sì ń kó o lọ nínú tírélà mẹ́rin. Rémy Julienne, ògbóǹkangí awakọ̀ eré eléwu láti ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣètò ìwakọ̀ náà. Ọdún 1989 nìyí. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò ya tírélà fún wọn. Nígbà tí wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí Bond, tí ó sì gbé tírélà gígùn dúró lórí táyà ẹ̀gbẹ́ kan kí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tírélà gidi ni ó fi ẹ̀gbẹ́ sáré níwájú kámẹ́rà.

Bí ẹ ó ṣe wò ó nìyí: ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá, kí ẹ wò ó láìsí orin àti ariwo. Lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín léèrè tírélà wo ni ó wà níwájú, èwo ni ó wà lẹ́yìn, ibo ni Sanchez wà, ibo ni Pam Bouvier, obìnrin tí ó ń ran Bond lọ́wọ́, tí ó ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré, wà. Bí fíìmù kò bá dára, ẹ kò ní lè dáhùn. Ní ti èyí, ẹ ó lè dáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. John Glen, olùdarí rẹ̀, ti jẹ́ ẹni tí ń gé tí ó sì ń to àwòrán fún fíìmù ti ọdún 1969 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun náà ni ó sì darí yíya àwọn ìran eléwu rẹ̀. Ó mọ bí ojú ṣe ń tẹ̀lé ohun tí ó ń sáré. Lẹ́yìn èyí, ẹ dá ohùn padà. Michael Kamen ni ó ṣe orin, nítorí John Barry, tí ó sábà máa ń ṣe é, ti ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọ̀fun. Nígbà tí tírélà ìkẹyìn bá ti dojú dé, tí Sanchez dúró lókè Bond pẹ̀lú àdá, tí epo sì ti rin ín gbingbin, Bond bi í bóyá kò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ó sì mú láítà jáde. Ẹni tí ó bá ti ń ṣọ́ láítà náà láti ọjọ́ ìgbéyàwó yóò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń béèrè.

Ẹ má ṣe bo àléébù

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìfẹ́ tí a ní sí fíìmù kò gbọdọ̀ dí wa lójú, ẹni tí kò bá sì lè dárúkọ ohun tí kò dára nínú ohun tí ó ń yìn, kò sí ẹni tí yóò gba ìyìn rẹ̀ gbọ́. Èyí tí ó burú jù lójú mi wà ní ìparí: Bond bá Felix sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní ilé ìwòsàn, Felix sì ń sọ̀rọ̀ tẹ̀rín-tọ̀yàyà bí ẹni tí kò pàdánù ẹsẹ̀ àti ìyàwó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìran kúkúrú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ohun tí wọ́n ti fi wákàtí méjì kọ́ jẹ́. Ìfẹ́ tí Lupe, olólùfẹ́ Sanchez, ní sí Bond kò ní gbòǹgbò. Àwọn agbófinró Hong Kong tí ó dédé yọjú pẹ̀lú aṣọ dúdú dà bí ẹni tí ó ṣìnà wọ inú fíìmù mìíràn. Iná tí wọ́n fi ya àwọn ìran inú ilé mọ́lẹ̀ gbòò láìní òjìji, ó sì mú kí ibi olówó iyebíye dà bí ibi tí wọ́n kàn mọ fún tẹlifíṣàn. Ẹja òkúta tí ó ṣẹ́jú ní ìparí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá.

Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀ láìfi sábẹ́ ahọ́n sọ, lẹ́yìn náà kí ẹ wo èwo nínú wọn ni ó kan ọkàn ìtàn. Ti tẹlifóònù Felix kàn án. Ti ẹja kò kàn án. Ní ti ẹ̀sùn pé kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀, ẹ wo Desmond Llewelyn, tí ó ṣe Q, ẹni tí ń ṣe àwọn ohun èlò amí fún Bond. Nínú àwọn fíìmù yòókù, Q máa ń fi ohun èlò han Bond, á sì lọ. Níhìn-ín, ó gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó rin ìrìn àjò wá bá ọkùnrin tí ìjọba ti kọ̀ sílẹ̀, ó sì dúró tì í. Gbogbo ìgbà tí ó bá wà lójú àwòrán, ara fíìmù náà máa ń yá, láìsọ ọ̀fọ̀ di yẹ̀yẹ́.

Fífi í wé àwọn mìíràn, àti gbígbé e lọ bá ẹlòmíràn

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ pé ó ṣáájú àkókò rẹ̀, pé Casino Royale ti ọdún 2006, tí Daniel Craig ṣe, ni ó fi hàn pé Dalton ló tọ̀nà. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn Craig ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó là sí Bond tí ó ń fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹjọ́ yín lé e. Fíìmù tí ó dára dára ní àyè ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé torí pé ó jọ ohun tí ó wá lẹ́yìn nìkan ni a ṣe ń yìn ín, a tún ti wọ́n ọn lórí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó fi Moore wọ̀n ọ́n ti ṣe. Ìfiwéra tí ó ṣàǹfààní jù ni pẹ̀lú fíìmù ọdún 1969, nítorí wọ́n fojú kéré òun náà fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí George Lazenby tí ó ṣe Bond lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Bond sì ti wá ń kà á mọ́ àwọn tí ó dára jù lọ. Ẹ wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ti 1969 ṣáájú. Ẹ ó rí i pé ọ̀fọ̀ kan náà ni ó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ìdájọ́ yín, ẹ kọ ọ́ ní ojú ewé kan, kí ẹ sì lò ó láti tọ́ka sí ìran. Ẹ má ṣe kọ pé Dalton dára. Ẹ kọ ohun tí ojú rẹ̀ ṣe nígbà tí Della fi okùn aláràbarà náà ṣeré sí i. Ẹ má ṣe kọ pé ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ kọ ìdí tí Krest fi kú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ kọ kí ẹ tó wò ó, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí gbogbo ibi tí èrò yín ti yí padà, ìbá à ṣe sí rere tàbí sí búburú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi hàn ẹni tí kò rí i rí, The Living Daylights ti ọdún 1987 ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án, kí ó lè mọ Dalton nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá gágá, kí ó tó rí i nínú ìbínú. Ẹ má ṣe máa sọ̀rọ̀ lé e lórí nígbà tí ó ń wò ó. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ rántí pé ìpele 15 tí wọ́n fi fíìmù náà sí ní ìdí: ikú Krest, ohun tí wọ́n ṣe fún Felix àti ẹ̀rọ tí ń lọ nǹkan lúbúlúbú níbi tí Dario, ọmọ ẹ̀yìn Sanchez, kú sí le fún ọjọ́ orí kékeré, pàápàá nínú ẹ̀dà tí wọn kò gé. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn fúnra yín kí ẹ tó pè é wá jókòó.